Bí Kòkó Ṣe Di Bisikíìtì Nínú Ilé ní Lomé

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ohun kékeré kan tí àwọn ìyá kan máa ń yan nínú ilé ní Lomé, olú-ìlú Togo. Bisikíìtì ni. Ó rí róbótó, ó sì pẹlẹbẹ. Nǹkan dúdú wínníwínní wà lára rẹ̀. Nǹkan dúdú yìí ni à ń pè ní ṣokoléètì. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀: ṣo-ko-léè-tì. Inú kòkó ni ó ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà nínú bisikíìtì náà. Ọ́ọ̀tì wà níbẹ̀. Irúgbìn bí ọkà bàbà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ni ó fẹ́. Fúláwà wà níbẹ̀. Àlìkámà ni wọ́n lọ̀ tí ó di fúláwà, ọkọ̀ òkun ni ó sì ń gbé àlìkámà wá sí Lomé. Ṣùgbọ́n kòkó ń so ní òkè Kpalimé, ó sì ń so ní Litimé lẹ́bàá Badou. Àwọn ará wa Ifẹ̀ tí ó wà ní Togo, àwọn tí wọ́n ń pè ní Àná ní agbègbè Atakpamé, kò jìnnà sí ibẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú Òyìnbó ni ṣokoléètì tí wọ́n ń tà ní Lomé ti ń wá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbin kòkó títí wọ́n fi darúgbó, wọn kò tọ́ ṣokoléètì wò rí. Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn ará Mexico àtijọ́ máa ń lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi àti ata, wọ́n á sì mu ún. Kò dùn bí oyin o, kíkorò ni. Àwọn ará Sípéènì gbé e lọ sí Yúróòpù ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì fi ṣúgà sí i. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Òyìnbó gbin kòkó sí erékùṣù São Tomé àti Fernando Po, ní apá òkun tiwa níbí. Ìyà jẹ àwọn òṣìṣẹ́ São Tomé púpọ̀. Bí ẹrú ni wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo, ilé-iṣẹ́ Cadbury ní Ìlú Ọba kọ̀ láti ra kòkó São Tomé mọ́ ní ọdún 1909.

Ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin alágbẹ̀dẹ kan láti Gold Coast, Tetteh Quarshie, ti lọ ṣiṣẹ́ ní Fernando Po. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ wálé, ó mú èso kòkó dání. Ó gbìn ín sí Mampong ní nǹkan bí ọdún 1879. Ní ilẹ̀ Yorùbá, J. P. L. Davies náà dá oko kòkó sí Ìjọn lẹ́bàá Agége ní àkókò kan náà. Agége tí a mọ̀ mọ́ búrẹ́dì lónìí, kòkó ni ó kọ́kọ́ mọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí Lomé. Ìlú àwọn oníṣòwò ni Lomé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ san owó ibodè fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Keta ni wọ́n ṣí wá síbẹ̀ láti máa tajà. Ní oṣù Keje ọdún 1884, àwọn Jámánì bá ọba Togoville ṣe àdéhùn, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1897 wọ́n sọ Lomé di olú-ìlú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ etíkun Lomé, nítorí ìgbì òkun ibẹ̀ le. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń kó ẹrù, ìgbì a sì máa dojú rẹ̀ dé. Ní ọdún 1904 àwọn Jámánì kọ́ afárá gígùn kan wọ inú òkun, kí ọkọ̀ lè máa já ẹrù síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ọ̀nà rélùwéè. Ti Aného ṣí ní ọdún 1905, àgbọn ni ó ń kó. Ti Kpalimé ṣí ní ọdún 1907, kòkó ni ó ń kó. Ti Atakpamé tẹ̀lé e, òwú ni ó ń kó. Ẹrù tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń kó ni àwọn Jámánì fi sọ ọ́ lórúkọ: rélùwéè àgbọn, rélùwéè kòkó, rélùwéè òwú. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ọ̀nà náà, etíkun ni wọ́n dorí kọ. Wọn kò la ọ̀kan kí ará Kpalimé lè máa lọ kí ará Aného. Rélùwéè Kpalimé ti dákẹ́ báyìí. Mọ́tò ni ó ń kó kòkó.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, ogun dé. Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti apá kan, Faransé láti apá kejì. Kò pé oṣù kan tí Jámánì fi túúbá. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì. Faransé mú Lomé àti Kpalimé, Gẹ̀ẹ́sì mú Ho àti Kpando àti Hohoe. Ààlà tuntun gba àárín àwọn ènìyàn kan náà kọjá. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ọdún 1956, apá ti Gẹ̀ẹ́sì lọ bá Gold Coast, ó sì di ara Ghana ní ọdún 1957. Togo gba òmìnira tirẹ̀ ní ọdún 1960. Láti ìgbà náà, bí owó kòkó bá gbówó lórí ní apá kan ju èkejì lọ, àpò kòkó a máa gba inú igbó kọjá ní òru. Ìjọba méjèèjì bínú títí, ṣùgbọ́n ọjà tí ó bá dára ni àgbẹ̀ ń wò.

Ní ọdún 1964 ìjọba Togo dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OPAT. Àjọ yìí nìkan ni ó ń ta kòkó àti kọfí Togo fún òkè òkun, ìjọba ni ó sì ń dá iye tí wọn yóò san fún àgbẹ̀. Wọ́n tú u ká ní ọdún 1996. Àwọn oníṣòwò aládàáni ni ó ń rà á báyìí. Yálà àjọ ni ó ń rà tàbí oníṣòwò, ojú ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá kan sọ fún mi pé ogún ọdún ni òun fi gbé kòkó lọ sí ojú ìwọ̀n ẹni kan tí òun kò lè ka nọ́ńbà rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ òun tí ó kàwé tẹ̀lé òun lọ ní ọjọ́ kan, àpò kan náà tẹ̀wọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kejì ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Karíbíánì àti Pàsífíìkì wá sí Lomé láti bá orílẹ̀-èdè 9 ti Yúróòpù tọwọ́ bọ̀wé. Orúkọ Lomé ni wọ́n sọ ìwé àdéhùn náà. Ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọjà wa wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè. Kòkó ṣì ń lọ ní kóro síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ̀rọ wà lọ́hùn-ún, owó wà lọ́hùn-ún, òtútù náà sì wà lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ òtútù yìí kì í ṣe eré. Ọ̀rá inú kòkó máa ń yọ́ nínú ooru ara ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ṣokoléètì fi ń yọ́ lẹ́nu, ìdí nìyẹn náà tí ó fi ń yọ́ lórí àtẹ ní ọ̀sán Lomé.

Ní ọdún 2013, àwọn ọ̀dọ́ Togo kan dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Choco Togo sílẹ̀ láti máa ṣe ṣokoléètì nílé. Wọ́n ń yan kóro kòkó, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ ṣúgà. Báyìí ni kòkó Togo ṣe di ṣokoléètì ní Togo. Owó rẹ̀ kò kéré o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 12,000 dọ́là lọ ní New York, nítorí àrùn àti òjò tí kò rọ̀ dáadáa ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Ó ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bisikíìtì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ti ọ́ọ̀tì ti wà nínú ìwé oúnjẹ Fannie Farmer ní ọdún 1896. Ti ṣokoléètì wínníwínní, Ruth Wakefield ni ó ṣe é ní ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Whitman, ní àwọn ọdún 1930. Àwọn kan ń sọ pé àṣìṣe ni ó ṣe. Èmi kò gbà. Olùkọ́ nípa oúnjẹ ni obìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìyá pa ọ́ọ̀tì àti ṣokoléètì pọ̀.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìyanbúrẹ́dì lè yan án. Ẹ wá ìkòkò irin, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i ní ìka méjì. Ẹ dé e, ẹ gbé e ka èédú títí yóò fi gbóná dáadáa. Ẹ po ààbọ̀ ife bọ́tà mọ́ ṣúgà tí kò kún ife, ẹ fọ́ ẹyin kan sí i. Ẹ da ife fúláwà kan, ife ọ́ọ̀tì kan àti ààbọ̀, iyọ̀ díẹ̀ àti bekin páúdà ṣíbí kékeré kan sí i. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ṣokoléètì wẹ́wẹ́. Bí oòrùn bá mú, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù omi kí ó le. Ẹ pò ó mọ́ ọn, ẹ ṣù ú, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sórí àwo páànù. Ẹ to òkúta mẹ́ta sórí iyanrìn, ẹ gbé àwo lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ìdérí. Ní bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, etí rẹ̀ yóò pọ́n.

Ẹ má ṣe dúró kí ó le nínú ìkòkò. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ó bá ń tutù ni yóò máa le. Bí ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ bá jó, ẹ dín èédú kù fún èkejì.