Ipá Ìgbéra àti Ìwọ̀n Rẹ̀: Ìtàn GhanaSat-1 àti Nigeria EduSat-1

Ipá ìgbéra ni àpapọ̀ gbogbo ìtì, ìró, ìgbọ̀n àti ìjìgìjìgì tí ń dé bá sátẹ́láìtì láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbaná títí di ìgbà tí ẹrù náà bá kúrò lára rọ́kẹ́ẹ̀tì. Fún rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń lọ sí òkè tí kò jìnnà púpọ̀ sí ayé, apá tí ó le jù nínú àkókò yìí kì í sábàá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ni ara sátẹ́láìtì ń fojú winá ìnira tí kò tún ní rí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ sátẹ́láìtì gbọ́dọ̀ mọ bí ìnira náà ti pọ̀ tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ ọ́n dájú ju pé kí ẹnìkan ti fi ohun èlò wọ̀n ọ́n nínú ìrìnàjò ìṣáájú. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n pọ̀ ní Tamale, ní àríwá Ghana, kí àṣẹ ìjọba lórí àwọn àjèjì ní ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kúrò, kò ní ṣàì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ń di ẹrù tí ó lè fọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù kò lè wo agbára ẹrù náà nìkan; ó gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀nà ti rí. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ghana àti Nàìjíríà kọ́ sátẹ́láìtì kéékèèké ní ọdún 2015 sí 2017, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bá pàdé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn kò sí lórí ilẹ̀.

Oríṣi ipá mẹ́rin

Ipá àkọ́kọ́ ni ti eré tí ń pọ̀ sí i. Bí eré rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti ń pọ̀ sí i ní kánkán, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù inú rẹ̀ ń wúwo sí i. Bí ipá yìí bá tó ìlọ́po 4 òòfà ilẹ̀, ohun tí ó wọn kílógíráàmù 1 nílẹ̀ yóò tẹ ibi tí ó jókòó lé bí ẹni pé ó jẹ́ kílógíráàmù 4. Èkejì ni ìró. Ariwo ẹ́ńjìnnì a máa kọlu ilẹ̀, a sì máa ta padà sókè láti gbọn àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ̀ tí kò sì nípọn. Ẹ̀kẹta ni ìgbọ̀n tí kò tẹ̀lé ìlànà kan, èyí tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ sábà máa ń wọ̀n láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀kẹrin ni ìjìgìjìgì òjijì, irú èyí tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá kan rọ́kẹ́ẹ̀tì bá já kúrò lára èkejì. Kì í pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ àwọn ohun kéékèèké tí ó gan nínú ẹ̀rọ.

Ohun tí ó mú kí ìgbọ̀n léwu ni pé gbogbo ohun ni ó ní ìgbọ̀n tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gángan ti ní ohùn tirẹ̀ nígbà tí onílù bá fún ọsán rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Bí ìgbọ̀n rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìgbọ̀n àdánidá sátẹ́láìtì, ìgbọ̀n kékeré yóò di ńlá. Bí bóòtù kan bá sì tú nínú sátẹ́láìtì, ohùn rẹ̀ yóò yí padà, bí ìgbà tí onílù dẹ ọsán.

Àpótí ohun èlò ìwọ̀n

Ọkàn irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò tí ń sọ ìgbọ̀n di iná mànàmáná. Púpọ̀ nínú wọn ń lo kírísítálì tí ń mú iná wá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Jacques àti Pierre Curie ṣàwárí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1880. Ohun èlò mẹ́ta ni a ń tò sí ìhà mẹ́ta: òró, ìbú àti gígùn.

Ẹni tí ń ṣe àpótí náà ní ìpinnu púpọ̀ láti ṣe. Ibi tí a dè é mọ́ gbọ́dọ̀ le gbagidi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbọ̀n ìdè ara rẹ̀ ni yóò wọ̀n, kì í ṣe ti rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá kéré jù, ìgbọ̀n ńlá yóò kọjá ibi tí ó lè kà. Bí ó bá tóbi jù, kò ní gbọ́ èyí tí ó kéré. Láti mọ ìgbọ̀n tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun èlò náà gbọ́dọ̀ ka ìwọ̀n ju ìgbà 4,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà.

Ìṣirò fi ìṣòro tí ó tẹ̀lé e hàn. Bí a bá ń ka ìwọ̀n ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní ìhà mẹ́ta, tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 2, báìtì 30,000 ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú 9, wọn yóò di 16,200,000. Rédíò kékeré tí ń fi báìtì 1,200 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì ń rí ibùdó orí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan, yóò ní láti kọjá lókè ibùdó náà ní ìgbà 23 kí ó tó kó gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà inú àpótí náà fi gbọ́dọ̀ lè ṣe àkópọ̀ ìwọ̀n kí ó tó fi í ránṣẹ́.

Ohun tí ìwọ̀n ti kọ́ ayé

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968, rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V tí ó gbé Apollo 6 lọ sókè láìsí ènìyàn nínú rẹ̀ gbọ̀n sókè-sódò ní nǹkan bí ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ohun èlò ìwọ̀n tí ó wà lára rẹ̀ gba ìgbọ̀n náà sílẹ̀. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ rí i pé agbára ẹ́ńjìnnì àti ohun olómi tí ń ṣàn nínú àwọn páìpù ń ru ara wọn sókè. Wọ́n fi gáàsì helium sí ibi kan lójú ọ̀nà ọ́síjìn olómi láti gba ìtì náà mọ́ra, àwọn ènìyàn mẹ́ta sì wọ Saturn V nínú Apollo 8 ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1970, nígbà ìgbéra Apollo 13, irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ dé bá ẹ́ńjìnnì àárín ti apá kejì rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ìwọ̀n ibẹ̀ tó ìlọ́po 34 òòfà ilẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì náà tó pa ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 ṣáájú àkókò. Láti inú irú àkọsílẹ̀ báyìí ni òfin ìdánwò ti jáde. Nínú ìlànà tí NASA gbé kalẹ̀ fún ohun èlò kéékèèké, ìdánwò ìgbọ̀n fún ẹ̀rọ tí a kọ́ fún àyẹ̀wò nìkan jẹ́ ìlọ́po 14.1 òòfà ilẹ̀ ní ìṣirò àárín, fún ìṣẹ́jú 2 ní ìhà kọ̀ọ̀kan; ti ẹ̀rọ tí yóò fò gan-an jẹ́ 10.0, fún ìṣẹ́jú 1.

Láti Akure àti Koforidua

Nàìjíríà ti ní sátẹ́láìtì lókè kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X gbéra ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2011, láti Rọ́ṣíà bákan náà. Ní ilé-iṣẹ́ SSTL ní Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́ wọn; àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n sì kọ́ NigeriaSat-X níbẹ̀.

Ètò Birds-1 ti Yunifásítì Kyushu Institute of Technology ní ìlú Kitakyushu, ní Jàpáànù, gbé iṣẹ́ náà dé ọwọ́ yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mengu Cho ni ó darí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó kópa: Jàpáànù, Ghana, Mòngólíà, Nàìjíríà àti Bàngládẹ́ṣì. GhanaSat-1 jẹ́ ti All Nations University College ní Koforidua, òun sì ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti Ghana. Nigeria EduSat-1 jẹ́ ti Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan kò ju àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ó sì wọn nǹkan bí kílógíráàmù 1.

Ní Kitakyushu ni wọ́n ti gbé àwọn sátẹ́láìtì náà sórí pèpéle tí ń mì. Bí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí ni pé a kọ́kọ́ fi ìgbọ̀n kékeré wá ohùn àdánidá ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà a fi ìgbọ̀n ńlá dán an wò, a sì tún wá ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ohùn kejì bá yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ohun kan ti tú tàbí ti sán nínú rẹ̀. Ìdánwò yìí kì í ṣe fún ààbò sátẹ́láìtì nìkan. Àwọn awòràwọ̀ òfurufú wà ní Ibùdó Òfurufú Àgbáyé tí ẹrù náà ń lọ. Ohunkóhun tí ó bá já kúrò lára rẹ̀ lè ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé wọn láti Kennedy Space Center ní Florida, nínú ọkọ̀ Dragon tí ó ti fò lẹ́ẹ̀kan rí ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, a tú wọn sílẹ̀ láti yàrá Kibo ti Jàpáànù. Ní ọdún 2019, wọ́n padà wọ afẹ́fẹ́ ayé, wọ́n sì jóná, bí ó ti yẹ kí irú wọn parí.

Ohun tí ó kù

Òfin irú sátẹ́láìtì kékeré báyìí ni pé kí ó wà ní pípa ní gbogbo ìgbà ìgbéra. Súwíìṣì kan ń ya bátìrì rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ títí a ó fi tú u sílẹ̀, nítorí pé rédíò tí ó bá là láìtó àsìkò lè dí rọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ibùdó lọ́wọ́. Nítorí náà, GhanaSat-1 àti Nigeria EduSat-1 sùn nínú ìṣẹ́jú tí ó le jù lọ fún ara wọn. Wọn kò lè wọ̀n ipá ìgbéra tiwọn. Ìwọ̀n tí àwọn ẹlòmíràn ti gbà nínú ìrìnàjò ìṣáájú ni ó ṣọ́ wọn.

Àkọsílẹ̀ ìwọ̀n náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí ohun èlò. Ẹni tí kò ní i yóò gba nọ́ńbà tí a bá fún un, yóò sì kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bá a mu. Nàìjíríà ti ní ilé-ìwádìí lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ àjọ òfurufú NASRDA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1999. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí kò tilẹ̀ dé gbalasa òfurufú lè gbé àpótí ìwọ̀n. Bí irú rẹ̀ bá fò, tí ó sì padà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí ó dé bá a, àwọn tí ó rán an lọ yóò ní ìmọ̀ ọ̀nà náà lọ́wọ́ ara wọn, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì ní ẹṣin iwájú tí yóò máa wò.