Ogun Kádẹ́ṣì lórí tábìlì: kí ni "èmi nìkan" túmọ̀ sí?

Ní nǹkan bí ọdún 1274 ṣáájú ìbí Jésù, Ramsès Kejì ọba Íjíbítì àti Muwatalli Kejì ọba àwọn ará Hítì kojú ara wọn ní Kádẹ́ṣì, létí odò Orontes, ní ilẹ̀ Síríà ti òde òní. Ramsès ní kí wọ́n fín ìtàn ogun náà sára ògiri tẹ́ńpìlì ní Abydos, Karnak, Luxor, Ramesseum àti Abu Simbel. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìtàn náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa: ewì gígùn kan, ìròyìn kúkúrú kan, àti àwòrán tí ọ̀rọ̀ kéékèèké wà lára rẹ̀. Ní èdè Faransé, wọ́n máa ń pe ewì náà ní ti Pentaour, bẹ́ẹ̀ adàwékọ lásán ni Pentaour, kì í ṣe òun ni ó ké e.

Nínú ewì yìí, àwọn ọmọ ogun sá, àwọn balógun sá, ọba nìkan ni ó kù láàrin 2,500 kẹ̀kẹ́ ogun ọ̀tá, tí ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ké pe Amun, Amun sì dá a lóhùn. Kí ni kí òpìtàn ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní ìgbéraga ọba ni, kí a dà á nù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a bá da ewì yìí nù, a ó da oríkì náà nù, ìtàn àwọn ìlú wa yóò sì kù díẹ̀. Mo gbé e lọ sórí tábìlì láti wò ó bóyá yóò dúró.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ọ̀rọ̀ kan nípa orúkọ. Ní ilé-ìwé, èdè Faransé ni a fi kọ́ mi ní ìtàn yìí, "char" sì ni wọ́n ń pe ohun tí àwọn ènìyàn yìí fi jagun. Orúkọ kan náà ni Faransé fún ọkọ̀ ogun onírin tòde òní, nítorí náà ọmọ ilé-ìwé a máa fojú inú wo ohun tó wúwo. "Kẹ̀kẹ́ ogun" tiwa sàn jù. Kẹ̀kẹ́ àwọn ará Íjíbítì fúyẹ́: igi tẹ́ẹ́rẹ́, awọ, ẹsẹ̀ méjì, ẹṣin méjì, awakọ̀ kan àti tafàtafà kan.

Eré ogun orí tábìlì ti pẹ́. Reisswitz gbé tirẹ̀ fún àwọn ọ̀gágun Prussia ní 1824, H. G. Wells sì kọ ìwé Little Wars lórí irú eré yìí ní 1913. Tiwa kò ní ariwo. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó ni àwọn ère òjé, tí kò ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì fúnra rẹ̀ kùn wọ́n lọ́dà. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún 100. Tábìlì náà jẹ́ 180 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 120 ní ìbú. Sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 50 mítà. Aṣọ aláwọ̀ sánmà ni odò Orontes. A fi rúlà wọn ìrìn, a fi dáìsì pinnu ìjà, ẹnì kẹta sì ṣe adájọ́.

Níbi tí rúlà ti wọlé ni ewì ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí kò ní lọ́kàn láti sọ. Àwọn ará Hítì fara pamọ́ sẹ́yìn ìlú Kádẹ́ṣì, wọ́n la odò kọjá, wọ́n sì kọlu ẹgbẹ́ ọmọ ogun Re tó wà lójú ọ̀nà. Ó dára. Ṣùgbọ́n 2,500 kẹ̀kẹ́ jẹ́ 5,000 ẹṣin àti 7,500 ènìyàn. Bí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin bá lè la odò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà 625 ni wọn yóò tò. Bí a bá fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní mítà mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ gùn tó 6,250 mítà, ìyẹn 125 sẹ̀ǹtímítà lórí tábìlì tí ìbú rẹ̀ kò ju 120 lọ! Ní ìrìn kìlómítà mẹ́fà láàrin wákàtí kan, èyí tó kẹ́yìn yóò fi wákàtí kan àti díẹ̀ tẹ̀lé èyí tó ṣáájú. Bí mẹ́wàá mẹ́wàá bá ń kọjá, yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, yálà ibi tí wọ́n ti kọjá fẹ̀ gan-an, tàbí iye náà pọ̀ ju òtítọ́ lọ, tàbí àwọn tó kọ́kọ́ kọjá ti ń jà nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn yòókù kò tíì kan omi. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fara mọ́. Ó jẹ́ kó yé mi bí ènìyàn díẹ̀ ṣe lè dúró ní àgọ́ láìkú: kì í ṣe 2,500 ni ó dé bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn wo wá ni ènìyàn díẹ̀ náà? Ewì fúnra rẹ̀ dárúkọ Menna, tó ń di asà mú fún ọba nínú kẹ̀kẹ́ kan náà, tí ẹ̀rù sì bà. Ọba tún dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹṣin rẹ̀ méjèèjì àti àwọn agbọ́tí ààfin. Ẹni tó nìkan wà kì í ní agbọ́tí. Àwòrán ara ògiri wá tú àṣírí tó kù. Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ní àwọn Neʿarin dé láti ilẹ̀ Amurru, wọ́n bá àwọn ará Hítì nínú àgọ́ ọba, wọ́n sì pa wọ́n. Orúkọ yìí kì í ṣe ti Íjíbítì. Láti èdè àwọn ará Kénáánì ni wọ́n ti yá a, naʿar sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin ní èdè Hébérù. Àwọn tó ń tọ́jú ìtàn ìyásọ̀rọ̀ yóò gbádùn èyí: àwọn olùgbàlà ọba ń jẹ́ orúkọ àlejò, ewì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nípa wọn.

Lórí tábìlì, kò sí bí a ṣe lè má sọ. Adájọ́ gbọ́dọ̀ pinnu ìgbà tí wọn yóò dé. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí dáìsì bá dá wọn dúró, àgọ́ a bọ́, Ramsès a sì di ẹni à ń lé káàkiri aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹgbẹ́ Ptah kò lè gbà á: bí wọ́n bá wà ní kìlómítà mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹlẹ́sẹ̀ tó ń rin mẹ́rin láàrin wákàtí kan kò ní dé kí wákàtí méjì àbọ̀ tó pé.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé "èmi nìkan" kì í ṣe ìròyìn ibi tí àwọn ènìyàn dúró sí. Ẹ wo gírámà rẹ̀. Ewì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ó", ọba ń ṣe èyí, ó ń ṣe tọ̀hún. Nígbà tí ogun gbóná, ó yí padà sí "mo". Ìròyìn kúkúrú, tó sọ bí àwọn ará Shasu méjì ṣe parọ́ pé Muwatalli ṣì wà ní ìhà Aleppo, àti bí wọ́n ṣe na àwọn amí Hítì tí wọ́n mú kí wọ́n tó jẹ́wọ́, kò fún "mo" ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ìyípadà ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ yìí ni ààlà láàrin ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ni ín. "Nìkan" ń dáhùn ìbéèrè pé ta ni ìṣẹ́gun jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe pé ta ló wà níbẹ̀. Oríkì ọba náà kì í sọ ẹni tó ru oúnjẹ àwọn ọmọ ogun, a kì í sì tìtorí ìyẹn pe akígbe ní òpùrọ́.

Eré náà ní ibi tó ti rọ. Òfin rẹ̀ fi dandan mú wa yàn bóyá ọ̀kọ̀ ni àwọn ará Hítì fi jà láti inú kẹ̀kẹ́ tàbí ọfà, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ẹni tó sì ń ṣe Ramsès ti mọ̀ pé irọ́ ni àwọn Shasu náà pa. Kò sí dáìsì tó lè mú un gbàgbé.

Lẹ́yìn ogun, Ramsès padà sí gúúsù, Kádẹ́ṣì kò sì kúrò lọ́wọ́ Hítì. Amurru, ilẹ̀ tí àwọn Neʿarin ti wá, padà sábẹ́ wọn. Ní nǹkan bí 1259, ó bá Hattusili Kẹta, àbúrò Muwatalli, dá májẹ̀mú. Wọ́n rí lẹ́tà kan ní Hattusa, ní èdè Akkadian, tí Ramsès ti tún ń ṣàlàyé ogun náà fún Hattusili. Òun ni mo ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́, mo ń ka iye "mo" tó wà nínú rẹ̀.