Òdòdó aláwọ̀ mèremère tó ń rọ̀ sílẹ̀: bí ẹ ṣe lè tọ́jú rẹ̀ nílé

Tẹ́ ẹ bá yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní agbègbè Mowe, Ibafo tàbí Ifo, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ọ̀kan tó ń rọ̀ sílẹ̀ láti inú ìkòkò. Ìlà fàdákà méjì wà lójú ewé rẹ̀, abẹ́ ewé náà sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Tradescantia zebrina ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Apá Mẹ́síkò ló ti wá, àmọ́ mọ̀lẹ́bí gòdògbòdò oko wa ni.

Ẹni tó bá ti roko rí mọ gòdògbòdò dáadáa: ẹ gé e lónìí, bí òjò bá ti kàn án, ó tún ta gbòǹgbò. Tí èyí tẹ́ ẹ rà bá wá ń kú, omi àpọ̀jù ló sábà máa ń fà á.

Omi: Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Tó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín. Nígbà òjò, kò ní fẹ́ omi púpọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tí ìdí rẹ̀ bá ti dúdú tó sì rọ̀, ó ti ń rà nìyẹn. Ẹ gé orí tó ṣì dára, kẹ́ ẹ tún un gbìn.

Ìmọ́lẹ̀: Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ ń dé. Nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, ewé rẹ̀ á sì jìnnà síra. Oòrùn ọ̀sán gangan lè jó ewé rẹ̀.

Ìkòkò: Ike ọ̀dà àtijọ́ náà tó, tẹ́ ẹ bá ti lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ po ilẹ̀ dúdú ìlọ́po méjì mọ́ iyanrìn ìlọ́po kan. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró nínú àwo tẹ́ ẹ fi gbé ìkòkò náà: láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin tí ẹ̀fọn bá yé síbẹ̀ lè di ẹ̀fọn tó ń fò.

Bó ṣe ń pọ̀ sí i: Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó ìka ọwọ́ lábẹ́ oríkèé, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ kì í bọ omi tàbí iyẹ̀pẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, á ta gbòǹgbò. Ẹ gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ kí ìkòkò lè kún. Tí ìdí rẹ̀ bá pá lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ọ̀nà yìí náà lẹ fi máa sọ ọ́ di tuntun.

Ìkìlọ̀: Oje rẹ̀ lè mú kí ara yún èèyàn àti ajá. Ẹ gbé e kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó. Ẹ má sì da èyí tẹ́ ẹ gé sínú gọ́tà tàbí àbàtà, torí á hù níbẹ̀, á sì bo ewéko mìíràn mọ́lẹ̀. Ní South Africa, òfin ti kà á mọ́ èpò tó ń yọ ilẹ̀ lẹ́nu. Ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó dà á nù.

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tún rà òmíràn o. Ẹ̀ka kan péré láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò ti tó ẹ bẹ̀rẹ̀.