Carex pensylvanica, Ìbátan Òfíò Nínú Igbó Óákù

Carex pensylvanica jẹ́ ewéko kúkúrú tó ń hù lábẹ́ igi nínú igbó ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, láti Quebec àti Manitoba títí dé Georgia ní gúúsù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò pè é ní koríko, àmọ́ ìdílé òfíò ló ti wá. Bí a bá fi ìka yí ọ̀pá òdòdó rẹ̀ wò, ọwọ́ yóò kan igun mẹ́ta. Ti koríko gidi a máa rí roboto. Lamarck, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1792.

Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ, ó sì rọ̀ débi pé ó máa ń tẹ̀ balẹ̀ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ìdí rẹ̀ pupa díẹ̀, fọ́nrán ewé àtijọ́ a sì yí i ká. Ìgbà ìrúwé, kí ewé orí igi tó dí oòrùn lójú, ló máa ń tanná: òdòdó akọ wà lókè ṣóńṣó, abo wà nísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ kiri. Irúgbìn rẹ̀ kì í tètè hù. Ìtàkùn tó ń nà lábẹ́ ilẹ̀ ló fi ń gbilẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ díẹ̀ lábẹ́ igi óákù ló fẹ́ràn jù, kódà bó jẹ́ oníyanrìn.

Nínú àwọn igbó kan ní Minnesota, Wisconsin àti Michigan, ó ti gba ilẹ̀ mọ́ àwọn ewéko yòókù lọ́wọ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, ti ekòló àti àgbọ̀nrín ni. Lẹ́yìn tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ náà kò ní ekòló tirẹ̀ mọ́. Inú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ará Yúróòpù kó dé ni ti òde òní ti wá, àwọn apẹja sì ń da èyí tó bá ṣẹ́kù lára ìjẹ ìwọ̀ wọn sílẹ̀. Ekòló wọ̀nyí ń jẹ ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀ igbó, èyí tí òdòdó bíi trillium gbára lé. Àgbọ̀nrín, tó ti pọ̀ ju bí igbó ṣe lè gbà lọ, ń jẹ òdòdó tó kù àti igi kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Carex kì í wù wọ́n jẹ tó bẹ́ẹ̀; bí wọ́n bá tilẹ̀ já a, ojú ìhù rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò tún rú. Bó bá ti wá ki tán, irúgbìn igi kì í ríbi ta gbòǹgbò mọ́. Iná fẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá kò lè mú un kúrò, torí ewé nìkan ni yóò jó, ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ yóò tún yọ ọ̀mùnú.