Ilé Ẹ̀mí: Ìtàn Àpótí Olóòórùn Dídùn

Bí a bá ń lọ sí ilé Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi, òórùn lọ́fínńdà a máa ṣáájú wa wọlé. Àṣà àtijọ́ ni. Nínú orí kẹta ìwé wòlíì Àìsáyà, láàárín ohun ọ̀ṣọ́ àwọn obìnrin Jerúsálẹ́mù, a rí ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Hébérù túmọ̀ sí “ilé ẹ̀mí”. Ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ gbà pé àpótí kékeré olóòórùn dídùn ni.

Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà ní Yúróòpù ń rọ irú àpótí bẹ́ẹ̀ roboto bí èso, wọ́n a dá ihò sí i lára, a ó sì fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ ọrùn tàbí ìgbànú. Ámbà tí ń ti inú àbùùbùtán wá, àti oje ara ẹtà, wà lára ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ẹtà inú igbó tiwa yìí kan náà ni: ní 1456, Alvise Cadamosto, oníṣòwò ará Venice, rí oje rẹ̀ rà ní etí odò Gambia.

Kì í ṣe nítorí oge nìkan. Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti 1347 sí 1351 ti run àìmọye ènìyàn, wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ tí ń rùn ni ń pani. Kádínà Thomas Wolsey ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kú ní 1530, a máa mú èèpo ọsàn lọ́wọ́, tí ó fi kànrìnkàn tí a rì bọ ọtí kíkan sínú rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ bá yí i ká, a gbé e sí imú. Kànrìnkàn àti ọtí kíkan! Ohun kan náà ni a nà sí Olúwa wa lórí àgbélébùú.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ Birmingham ń fi wúrà bo inú àpótí fàdákà bẹ́ẹ̀, kí ọtí kíkan má baà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1854, oníṣègùn John Snow fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé omi ẹlẹ́gbin ni ń tan àrùn onígbáméjì kálẹ̀, kì í ṣe òórùn. Àpótí náà kò gba ẹnikẹ́ni là. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ya ẹni tí ó ní i sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọnìkejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Bí ará wa bá ti ilé dé sí Àbújá láti wá iṣẹ́, tí òógùn ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀, tí ó sì jókòó tì wá, kí ni àwa náà ń gbé sí imú? Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé inú ni ó yẹ kí wúrà wà. Kí Olúwa sọ ọkàn wa di ilé ẹ̀mí tòótọ́, tí ará lè wọ̀. Àmín.