Kí Rúlà Tó Dájọ́: Òjò Ìjẹ̀bú àti Ìdánwò Ìlà Òòró

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ló mọ ìdánwò ìlà òòró. Gbé rúlà dúró ṣánṣán lórí gíráàfù, kí o sún un láti òsì dé ọ̀tún. Bí ó bá kan àwòrán ní ojú méjì níbì kankan, kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan gbọ́dọ̀ ṣáájú rúlà: kí la fi sórí ìlà ìbú?

Ẹ wo òjò wa. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ogun Waterside, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ lọ́dún, ní nǹkan bí oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Láàárín wọn, ní oṣù kẹjọ, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Fi oṣù méjìlá ọdún kan sórí ìbú, kí o fi àpapọ̀ òjò oṣù kọ̀ọ̀kan, ní mìlímítà, sórí òòró. Àwòrán náà á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n rò pé àtúngòkè yẹn ba fọ́ńṣọ̀n jẹ́. Kò bà á jẹ́ rárá. Oṣù kan kò lè ní àpapọ̀ òjò méjì lọ́dún kan.

Wàyí o, yí i padà: òjò sórí ìbú, oṣù sórí òòró. Lọ́dún tí ẹ̀kán òjò kò bá kán ní oṣù kìíní àti oṣù kejìlá, òdo ti ní oṣù méjì. Fọ́ńṣọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ni. (Ẹ má gbàgbé pé ojú méjìlá péré ló wà lórí gíráàfù yìí, ìlà tí a fi so wọ́n pọ̀ kò wọn òjò kankan.)

Ní 1748, onímọ̀ ìṣirò Euler ṣì ń so fọ́ńṣọ̀n mọ́ gbólóhùn ìṣirò tí a lè kọ sílẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò mìíràn, Dirichlet, ní 1837, tú ìdè yẹn: kí iye kọ̀ọ̀kan ṣáà ti ní iye kan ṣoṣo tó bá a lọ, ì báà má sí òfin kan tó so gbogbo wọn pọ̀. Lábẹ́ ìtumọ̀ yìí ni òjò wa fi rí àyè wọlé.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Olabisi Onabanjo University, Àgọ́-Ìwòyè, má ṣe fi òbírípo x² + y² = 25 ṣáájú. Kí wọ́n ya òjò náà lẹ́ẹ̀mejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ èyí tó jẹ́ fọ́ńṣọ̀n, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan rúlà.