Agbọ́n Kékeré Tó Gba Gàrí Wa Sílẹ̀

A kì í fi ọ̀rọ̀ gàrí ṣeré ní yunifásítì. Bí owó bá ti tán lápò, tí oṣù kò sì tíì parí, gàrí, omi tútù àti ẹ̀pà ló ń gbé wa dé ọjọ́ tí ilé yóò fi nǹkan ránṣẹ́. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, kòkòrò kan fẹ́ẹ̀ gba gàrí lẹ́nu gbogbo wa, àti pé Ìbàdàn ni wọ́n ti rí ọwọ́ rẹ̀ ká.

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé Áfíríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nílé kò sì bá a wá. Ó jẹ ayé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó di 1973, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Kinshasa àti Brazzaville bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò funfun kéékèèké lórí ẹ̀gẹ́ wọn, àfi bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Ní 1977 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Phenacoccus manihoti. Ó jọ pé ara igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun fún gbígbìn ló bá wọlé.

Ẹ wo bí kòkòrò yìí ti burú tó. Abo ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ṣoṣo lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin láìrí akọ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ọ̀ṣìngín rẹ̀, nítorí òjò máa ń fọ̀ ọ́ dànù lára ewé. Bó bá ti ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, ewé orí á ká jọ bí ìkúùkù, igi á wọ́, á kúrú. Níbi tó bá ti le, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìkórè lè ṣòfò. Igi tí àgbẹ̀ ìbá gé gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ náà ti bàjẹ́, àdánù náà wá di méjì. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ó ti dé Nàìjíríà àti Benin.

Oògùn apakòkòrò ńkọ́? Ìda funfun tó bo ara kòkòrò náà kì í jẹ́ kí oògùn tètè ràn án. Owó wo sì ni ẹni tó ní oko kékeré lẹ́yìn ilé yóò fi máa ra oògùn lọ́dọọdún? Ní Kóńgò, ewé ẹ̀gẹ́ gan-an ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ta ni yóò da májèlé sí ẹ̀fọ́ ara rẹ̀?

Ní 1979, Hans Herren, ọ̀dọ́ onímọ̀ kòkòrò láti Switzerland, dé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí wá láti òkèèrè ní tirẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹnìkan lọ sí ìlú rẹ̀ lọ béèrè ohun tó ń pa á níbẹ̀. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Láàárín 1888 sí 1889, àwọn ará California kó kòkòrò pupa kékeré kan tó ní àmì dúdú lẹ́yìn wá láti Australia, òun ló sì gba oko ọsàn wọn lọ́wọ́ kòkòrò ajẹgirun.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ wa jù nìyí. Nígbà tí wọ́n dé ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò funfun lórí ẹ̀gẹ́, wọ́n kó àwọn ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ọ̀tá náà kò fẹ́ kòkòrò tiwa rárá! Àṣé ìbátan rẹ̀ ni wọ́n rí; ìyẹn ní akọ, ó ní abo. Ní 1981 ni Anthony Bellotti tó wá rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay. Níbẹ̀, kò yọ àgbẹ̀ lẹ́nu púpọ̀, ìdí rèé tí kò fi sẹ́ni tó kà á sí. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí agbọ́n kan tí a ń pè ní Anagyrus lopezi lónìí.

Agbọ́n la pè é, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ẹyọ ìrẹsì kan, kì í sì í ta ènìyàn. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sínú kòkòrò funfun náà. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú títí tí yóò fi gbẹ, á wá dá ihò sí òkú náà lára, á fò jáde. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lè rí i dájú pé kò ní kó ìyọnu mìíràn wá, kó tó dé Ìbàdàn. Láàárín 1981 sí 1982, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú dà á sórí oko ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ju ogún lọ.

Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995, ó sì tọ́ sí i. Lójú tiwa, ẹni tó dá kòkòrò méjì tó jọra mọ̀ yàtọ̀ ní Paraguay, àti àwọn tó ń sin agbọ́n lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn, yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1988, onímọ̀ ọrọ̀-ajé Richard Norgaard ṣírò pé fún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ná, èrè dọ́là 149 ló jáde.

Agbọ́n náà kò pa kòkòrò yìí run o. Ó kàn dín in kù ni. Lórí ilẹ̀ yanrìn tí kò lọ́ràá, ẹ̀gẹ́ kì í ṣe dáadáa, kòkòrò orí rẹ̀ kì í tóbi, ẹyin akọ sì ni agbọ́n máa ń yé sínú kòkòrò kékeré. Akọ kì í yé ẹyin, torí náà kòkòrò á borí. Ohun tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kí àgbẹ̀ fi koríko bo ilẹ̀, kó sì fi ìgbẹ́ ẹran sí i. Ẹni tó bá sì rí òkú kòkòrò gbígbẹ tó ní ihò róbótó lára ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kó gbé ike oògùn jù sílẹ̀, nítorí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni yóò pa.

Ní 2008, kòkòrò funfun náà dé Thailand. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ránṣẹ́ sí IITA ní Benin, wọ́n sì fi agbọ́n náà ránṣẹ́ sí wọn.